Bí A Ṣe Gbà Á Ni Kí Á Fi Fún Ẹlòmíràn

Nígbà tí wọ́n ní kí á kọ nǹkan sínú ìwé yìí, ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni ìtàn ayé ìgbà tí à ń fi wàláà kọ́ kéú. Ṣùgbọ́n gbèsè kan wà lọ́rùn wa tí ó ti tó ọgbọ̀n ọdún. Gbèsè owó kọ́, gbèsè ọ̀rọ̀ ni. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tiwa lọ ju ogún ọdún lọ, ṣùgbọ́n òtítọ́ bá a. Ẹni tí a jẹ ní gbèsè náà ti wá bá wa, ó sì ní kí á san án ní gbangba. Ìdí nìyí tí a fi mú kálàmù.

Ọ̀rọ̀ náà dá lórí ìwé kan ṣoṣo, ìwé ìtàn àròsọ tí òyìnbó kan kọ, tí àwa ọ̀dọ́ ìgbà náà ń gbé fún ara wa kà ní Ìbàdàn. George Orwell ni orúkọ tí ó wà lára ìwé náà. Eric Blair ni orúkọ tí bàbá òǹkọ̀wé náà sọ ọ́. Ilẹ̀ Índíà ni wọ́n bí i sí ní 1903. Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹfà 1949 ni ìwé ọ̀hún jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí ikọ́ ife ti dá ẹni tí ó kọ ọ́ dùbúlẹ̀. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà tí ó fi kú, ní oṣù kìíní 1950. Nineteen Eighty-Four ni orúkọ ìwé náà, ìyẹn ọdún 1984.

Ní 1995, a jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. A ti ka Alùkùránì parí láti kékeré, a ti lọ sí ilé ìwé òyìnbó, a sì ti gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́. Ní òwúrọ̀ a ń kọ́ni ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀; ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìrun Alásárì, a ń kọ́ni ní ilé-kéú àdúgbò wa. Tíṣà kan wà tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ìṣirò ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ. Òun ni ó rí ìwé náà rà lọ́wọ́ ẹnì kan tí ó ń tẹ́ ìwé àlòkù sílẹ̀ ní Dùgbẹ̀. Èèpo ìwé náà ti lọ. Tíṣà fi bébà àpò sìmẹ́ǹtì bò ó, ó sì gbé e fún télọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí ó bá òun fi òwú líle rán ẹ̀yìn rẹ̀. Àbùkù kan wà tí òwú kò lè rán: àwọn ewé ìgbẹ̀yìn ti já dànù. Ibi tí wọ́n ti fẹ́ mú ọkùnrin inú ìtàn náà wọ yàrá kan tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù ni ìwé tiwa parí sí.

Ọlọ́hun ṣe é, tíṣà ti ka odidi rẹ̀ rí ní ilé ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó lọ. Ó mọ bí ó ti parí. Ó wá ṣe òfin fún gbogbo wa. Alẹ́ mẹ́ta ni ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò fi kà á. A kò gbọ́dọ̀ kà á nínú mọ́tò. A kò gbọ́dọ̀ kọ orúkọ sí i. Ẹni tí ó bá kà á tán yóò fi pẹ́ńsù fa ìlà kékeré kan sí inú èèpo sìmẹ́ǹtì náà. Lẹ́yìn èyí, yóò padà lọ bá ẹni tí ó gbé e fún un, ẹni náà ni yóò fi ẹnu sọ ìparí rẹ̀ fún un, bí òun náà ti gbọ́ ọ gẹ́lẹ́. Tíṣà ni ó kọ́kọ́ fa ìlà. Télọ̀ tẹ̀ lé e. Ọmọbìnrin kan tí ó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì gbà á lọ́wọ́ télọ̀. Nígbà tí ó dá a padà fún tíṣà, ó kan àwa.

Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó níwájú ààfáà rí yóò ti mọ ohun tí òfin yìí jọ. Inú wa dùn sí i nígbà náà. A sọ fún tíṣà pé bí àwọn onímọ̀ wa ti gba hádíìsì gan-an nìyẹn: lágbájá gbọ́ ọ lẹ́nu tàmẹ̀dò, tàmẹ̀dò gbọ́ ọ lẹ́nu lágbájá mìíràn, títí yóò fi kan ẹni tí ó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ níbẹ̀rẹ̀. Ìsínáàdì ni wọ́n ń pè é. Imam Bukhari àti Imam Muslim kò wo ọ̀rọ̀ nìkan, wọ́n ń wo ẹni tí ó gbé e wá. Ṣé ó ń rántí dáadáa? Ṣé wọn kò mọ̀ ọ́n ní onírọ́? Bí okùn náà bá já níbì kan, tàbí tí ẹnì kan tí kò ṣeé fọkàn tán bá wà nínú rẹ̀, wọn yóò gbé ọ̀rọ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohun tí à ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ nìyí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè béèrè pé kí ni ó dé tí a fi ń bo ìwé ìtàn lásán mọ́lẹ̀ bí ẹni tí ó jalè. Ẹ̀rù àkókò náà ni. Wọ́n ti fagi lé ìbò ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà 1993. Ọ̀gágun Sani Abacha gba ìjọba ní oṣù kọkànlá ọdún náà. Ní 1994 ìjọba rẹ̀ ti àwọn ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn Concord, Punch àti Guardian pa. Àwọn bíi Tell àti Tempo ń jáde ní kọ̀rọ̀, àwọn olùtà sì ń fi wọ́n pamọ́ sáàárín ìwé ìròyìn mìíràn. Òfin tí wọ́n fi ń ti ènìyàn mọ́lé láìgbé e dé ilé ẹjọ́, ìjọba ológun kan tí ó ṣáájú ni ó ti ṣe é sílẹ̀: Òfin Kejì ọdún 1984 ni orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ tí tíṣà fi ọdún tí ó wà lára òfin wé ọdún tí ó wà lára ìwé, a rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni à á fi í rín.

Nínú ìtàn náà, ìlú kan wà tí wọ́n ń pe aláṣẹ rẹ̀ ní Ẹ̀gbọ́n Àgbà. Àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri gbogbo. Tẹlifíṣọ̀n kan wà tí ènìyàn ń wò, tí òun náà ń wo ènìyàn. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Winston ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n sọ ní ilé-iṣẹ́ Òtítọ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí ó máa tún ìwé ìròyìn àtijọ́ kọ. Bí aláṣẹ bá ti ṣe ìlérí lánàá tí kò mú un ṣẹ lónìí, Winston ni yóò yí ọ̀rọ̀ àná padà kí ó lè bá tòní mu. Yóò ju ti àtijọ́ sínú ihò kan lára ògiri, iná yóò sì jó o. Kò ní sí ẹni tí yóò lè sọ mọ́ pé báyìí ni ó rí tẹ́lẹ̀. Winston wá fẹ́ràn obìnrin kan, Julia. Àwọn méjèèjì ṣèlérí pé ohun yòówù kí wọ́n fi wọ́n ṣe, ọkàn àwọn kò ní dalẹ̀ ara wọn. Wọ́n mú wọn, wọ́n sì ń fìyà jẹ Winston títí ó fi kan yàrá tí a wí yẹn, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 101.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni a tó mọ̀ pé kì í ṣe àwa nìkan ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ gba ọwọ́ wọn kọjá bẹ́ẹ̀. Ní Rọ́ṣíà àti àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ Soviet, kò sí ẹni tí ó jẹ́ ta ìwé Orwell ní gbangba títí di ìparí àwọn ọdún 1980. Àwọn tí ó fẹ́ ka ìwé tí ìjọba kò fẹ́ máa ń to bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti kábọ́ọ̀nù léra wọn, wọn yóò sì fi tápúráítà tẹ ẹ̀dà bíi mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ẹ̀dà ìsàlẹ̀ bá bọ́ sí lọ́wọ́ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ lójú kí ó tó kà á tán. Nígbà mìíràn, alẹ́ ọjọ́ kan péré ni wọ́n fi ń yá ènìyàn. Samizdat ni wọ́n ń pe irú ìwé bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni pé ẹni tí ó ni ín ni ó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Ní Poland, àwọn atẹ̀wé abẹ́lẹ̀ tẹ ìwé Orwell lábẹ́ imú ìjọba.

Orwell fúnra rẹ̀ mọ ìyà ẹni tí ń wá ìwé kiri. Ọmọ Rọ́ṣíà kan, Yevgeny Zamyatin, ti kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ní 1920 sí 1921. Orúkọ ìwé rẹ̀ túmọ̀ sí Àwa. Wọn kò jẹ́ kí ó jáde nílùú rẹ̀; New York ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1924. Orwell gbúròó rẹ̀, ó wá a fún ọdún bíi mélòó kan kí ẹ̀dà kan ní èdè Faransé tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ó sì kọ̀wé nípa rẹ̀ nínú Tribune ní oṣù kìíní 1946. Ẹni tí ó fi ojú rírí gba ìwé ẹlòmíràn ni ó kọ èyí tí àwọn ẹlòmíràn náà ń fi ojú rírí gbà.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí Ìbàdàn. Ọmọ ilé-kéú wa kan wà, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ohùn rẹ̀ dùn nínú kíké Alùkùránì. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń pín epo mọ́tò, ó sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí ń ṣáájú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ epo daṣẹ́ sílẹ̀ ní 1994 nítorí ìbò tí wọ́n fagi lé, àwọn ọkùnrin kan wá mú un lóru ọjọ́ kan, wọ́n ní àwọn fẹ́ bi í léèrè ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni. Ó di ọdún kejì, kò padà. Ìyá ọmọ náà ń ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn, wọn kò sọ ibi tí ọkọ rẹ̀ wà fún un.

Ọmọ yìí rí ìwé náà lórí tábìlì wa, ó bẹ̀ wá títí. A rò ó lọ, a rò ó bọ̀, a gbé e fún un. Alẹ́ mẹ́ta ni ó ní. Alẹ́ kan ṣoṣo ni ó lò. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, ó wá bá wa ní ìta ilé. Iná ti lọ, láńtà ni ó wà láàárín wa. Kò kí wa tán tí ó fi béèrè:

“Ààfáà, kí ni wọ́n ṣe fún un nínú yàrá náà? Ṣé ó dárúkọ ẹnikẹ́ni?”

A mọ ìdáhùn. Tíṣà ti sọ ọ́ fún wa ní kúlẹ̀kúlẹ̀. Ṣùgbọ́n a wo ojú ọmọ náà nínú iná láńtà, a mọ̀ pé Winston kọ́ ni ó ń béèrè.

A ní, “Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó fara dà á. Nígbà tí ó sú wọn, wọ́n tú u sílẹ̀, ó sì padà sọ́dọ̀ Julia.”

Ọmọ náà mí kanlẹ̀. Ó ní, “Alhamdulillahi.” Ó mú pẹ́ńsù, ó fa ìlà rẹ̀, ìkarùn-ún, ó sì lọ sùn.

Gbogbo wa kọ́ ni a pa irọ́ yìí o. Àwa tí a ń kọ èyí nìkan ni. Lóru ọjọ́ náà a wá ẹ̀rí fún ara wa. A ní ìtàn àròsọ ni, kò sí ẹni tí ń jẹ́ Winston. A ní ẹni tí ń làjà, tí ó fi irọ́ tún àárín ènìyàn méjì ṣe, ní ààyè díẹ̀ nínú ẹ̀sìn. A ní àánú ni a ṣe. Ẹ̀yin ènìyàn, àánú ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ìjà tí à ń là níbẹ̀. Ẹ̀rù ni ó bà wá láti jókòó ti ọmọ náà nínú òtítọ́, a sì wá ọ̀nà kúkúrú.

Òfin tíṣà ń bá iṣẹ́ lọ. Ọmọ náà sọ ìparí fún ẹni tí ó gbé ìwé fún, bí ó ti gbọ́ ọ gẹ́lẹ́. Ẹni yẹn sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Kò sí ẹni tí ó fi kún un, kò sí ẹni tí ó yọ nínú rẹ̀. Onígbọ̀wọ́ òtítọ́ ni gbogbo wọn. Irọ́ ni wọ́n ń fi òtítọ́ inú gbé kiri.

Nǹkan bí oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ìkómọ kan pa wá pọ̀. Níbi tí a ti ń jẹun, ọmọbìnrin nọ́ọ̀sì àti mẹkáníìkì kan bẹ̀rẹ̀ sí jiyàn. Nọ́ọ̀sì ní Winston dalẹ̀: nígbà tí wọ́n gbé eku abìjà sún mọ́ ojú rẹ̀, ó ké pé kí wọ́n gbé ìyà náà fún Julia. Mẹkáníìkì ní kò rí bẹ́ẹ̀, akin ni Winston. Wọ́n ní kí á dá ẹjọ́ náà, nítorí pé ààfáà ni wá. Ìbéèrè tí a fi ń kọ́ ọmọ ni ó yẹ kí á bi wọ́n: lẹ́nu ta ni ìwọ ti gbọ́ ọ? Bí a bá bi í, yóò ti ẹnu mẹkáníìkì bọ́ sí ti ọmọ wa, yóò sì ti ibẹ̀ dé ẹnu wa. A rẹ́rìn-ín, a ní ìtàn ni, kí olúkúlùkù mú èyí tí ó wù ú.

Tíṣà wò wá, kò sọ nǹkan kan níbẹ̀. Ìgbà tí a ń lọ sílé ni ó tó wí jẹ́jẹ́ pé, “Ààfáà, iṣẹ́ Winston ni o ṣe yẹn.” Kò tún mẹ́nu bà á mọ́. Ìwé náà ń lọ. Ẹni kọkànlá tí ó gbà á kó lọ sí Ìlọrin, a kò sì fojú kan bébà sìmẹ́ǹtì yẹn mọ́.

Abacha kú ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹfà 1998. Ẹ ṣírò ó: ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta géérégé tí ìwé náà jáde. Láàárín oṣù mélòó kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tú àwọn ènìyàn sílẹ̀, bàbá ọmọ náà sì padà wálé. A lọ kí i. Ó ti gbẹ, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kì í sì wo ojú ènìyàn. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn ládùúgbò. Wọ́n ní nígbà tí ìyà pọ̀, ó dárúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Wọ́n mú ọ̀rẹ́ náà, òun náà sì jìyà. Òótọ́ ni. Bàbá náà fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Ó tọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ, ó kúnlẹ̀, ó tọrọ àforíjì, ọ̀rẹ́ náà sì fà á dìde. Àwọn méjèèjì jọ ń kírun títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ọmọ rẹ̀ nìkan ni kò fà á dìde.

Àwa rí i pé ọmọ náà ń yẹra fún bàbá rẹ̀. A rò pé ó ń ṣe bí ọ̀dọ́ ni. Kò wá sí wa lọ́kàn rárá pé ọwọ́ wa wà níbẹ̀.

Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, lẹ́yìn ìrun Alásárì, ọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ní funfun wọ kíláàsì wa. Ọmọ wa náà ni. Ó kí wa pẹ̀lú ọ̀wọ̀ bí ìṣe rẹ̀, ó sì yọ ìwé kan nínú ọ̀rá. Ọmọbìnrin rẹ̀ tí ó wà ní yunifásítì ni ó gbé e wálé. Ọ̀rẹ́ kan ni ó yá a, ẹlòmíràn sì ń dúró láti gbà á lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé wa àtijọ́ ni, ṣùgbọ́n eléyìí pé.

“Ààfáà, ẹ bá mi ka ibí yìí.”

A kà á. Òógùn bò wá.

“Ṣé ẹ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀?”

A ní, “A ti mọ̀ ọ́n.”

“Láti ìgbà wo?”

“Kí ìwé náà tó dé ọwọ́ rẹ.”

Ó dákẹ́ títí. Ó wá ní, “Nígbà tí bàbá mi dé, ọkùnrin inú ìwé yẹn ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Mo ń wí nínú ara mi pé, ẹnì kan ṣáà fara dà á, kí ni ó ṣe bàbá tèmi? Ọdún mọ́kànlá ni a fi jọ gbé ilé kan náà, n kò bá a sọ ọ̀rọ̀ gidi kan. Ó kú ní 2009. Ẹni tí mo fi ń wé e kò sí níbì kankan, Ààfáà. Ẹ̀yin ni ẹ dá a.”

A kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Òun ni ó tún sọ̀rọ̀: “Ẹ̀yin náà ni ẹ kọ́ wa ní ìtàn Ammar. Kí ni ó dé tí ẹ kò sọ ti Ammar fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà?”

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa, ìbéèrè yẹn wọ̀ wá lára ṣinṣin. Ammar ọmọ Yasir ni ó ń wí, ẹni tí àwọn Kùráṣì fìyà jẹ ní Mẹ́kà pẹ̀lú bàbá àti ìyá rẹ̀. Wọ́n pa ìyá rẹ̀, Sumayya. Ìyà pọ̀ fún Ammar títí ó fi fi ẹnu sọ ohun tí wọ́n fẹ́. Ó sunkún lọ bá Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, wọn kò sì lé e dànù, nítorí pé ọkàn rẹ̀ kò yẹ̀. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹni tí ó dárúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò bá ti Ammar dọ́gba. Ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn wà nínú tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ì bá ti kọ́ ọmọ náà pé ènìyàn lè fọ́ lábẹ́ ìyà kí á sì ṣàánú rẹ̀. Òògùn wà lọ́wọ́ wa, irọ́ ni a gbé fún aláìsàn.

A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́. Ó ní ọmọ òun ní ọjọ́ méjì sí i lórí ìwé náà, pé òun yóò fi í sílẹ̀ fún wa di ọ̀la. Ó lọ.

Lóru ọjọ́ náà ni a tó fi ojú ara wa ka àwọn ewé tí a ti ń fi ẹnu gbé kiri láti 1995. Gbogbo ohun tí tíṣà sọ ni ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí tíṣà kò sọ, bóyá kò kà á sí. Lẹ́yìn ìtàn, àfikún kan wà níbẹ̀ lórí èdè tí ìjọba Ẹ̀gbọ́n Àgbà ṣe kí àwọn ènìyàn má baà lè ronú. Bí ẹni tí ń sọ ohun tí ó ti kọjá lọ ni wọ́n kọ ọ́, kì í ṣe bí ohun tí ó ṣì wà. Àwọn onímọ̀ ń jiyàn lórí rẹ̀ títí di òní. Àwọn kan ní ó fi hàn pé ìjọba náà padà wó. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tẹ ìwé náà ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ ńlá kan tí ń ta ìwé fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí Orwell yọ àfikún náà àti apá mìíràn kúrò. Owó ńlá wà níbẹ̀, ara rẹ̀ kò sì yá. Ó kọ̀. Àwọn ni wọ́n padà gbà fún un.

Èyí ni ó dùn wá jù. A ṣe bí ẹni pé ìwé náà kò ní àánú, a fi tiwa kún un. Ẹni tí ó kọ ọ́ ti fi ilẹ̀kùn kékeré kan sílẹ̀ ní ẹ̀yìn ilé, àwa kò dé ibẹ̀, a sì lọ fọ́ ògiri níwájú.

Nígbà tí ọmọ wa padà wá gba ìwé náà, ohun kan ṣoṣo ni ó béèrè: kí á sọ òtítọ́ fún gbogbo ẹni tí irọ́ náà ti ọ̀dọ̀ wa dé. Ènìyàn méje ni ó gba ìwé lẹ́yìn wa. Òun ni ọ̀kan. A ti wá mẹ́ta rí, títí kan mẹkáníìkì, ẹni tí ó ní òun ti mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni ó jàre. Méjì ti kú, Ọlọ́hun forí jì wọ́n. Ó ku ẹnì kan, ẹni tí ó gbé ìwé lọ sí Ìlọrin. Bí ìwọ bá ń ka èyí, tàbí tí ọmọ rẹ bá ń kà á sí ọ létí, gbọ́ o: ìparí tí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ kì í ṣe ti ìwé náà. Winston dalẹ̀ Julia, Julia náà dalẹ̀ rẹ̀. Wọ́n tú u sílẹ̀, ó jókòó sílé ọtí, ó sì padà fẹ́ràn Ẹ̀gbọ́n Àgbà. Àwa ni a yí i padà. Bí o bá ti sọ ti àkọ́kọ́ fún ẹnikẹ́ni, jọ̀wọ́, bá wa tọ̀ ọ́ lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, lónìí ẹ ń fi fóònù fi odidi ìwé ránṣẹ́ sí ọgọ́rùn-ún ènìyàn kí omi tó hó. Ó dára, ẹ máa ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ìwé bá gba ọwọ́ yín kọjá, àmáànà ni. Bí ó bá korò, ẹ gbé e bí ó ti korò, kí ẹ sì jókòó ti ẹni tí ẹ gbé e fún títí yóò fi gbé e mì. Ìjókòó yẹn ni àwa kò jókòó.

Kí Ọlọ́hun Ọba forí ji bàbá ọmọ wa, kí Ó sì tẹ́ ilẹ̀ rere fún un. Kí Ó forí jì wá, kí Ó sì jẹ́ kí òtítọ́ máa ti ẹnu wa jáde bí a ti gbà á wọlé. Àmín.